Láísẹ́ǹsì inú fóònù: bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bí wọ́n ṣe ń lò ó, àti ibi tí kò ti lè gbà yín sílẹ̀

Oṣù Kejìlá tó kọjá ni àbúrò mi ọkùnrin wálé láti Maryland. Ẹ jẹ́ n tètè là á yé yín o, Maryland Amẹ́ríkà ni mò ń wí, kì í ṣe Maryland tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú tiwa, torí nígbà tí mo sọ fún ìyá ẹlẹ́kọ àdúgbò wa pé àbúrò mi ń ti Maryland bọ̀, ohun tí màmá fi dá mi lóhùn ni pé "kí ló wá ń pẹ́ ẹ, ṣé Mile 12 tún ti dí ni?"

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e a ní òde kan l'Ẹ̀pẹ́, ló bá ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi lórí tábìlì, ó ní òun lòun máa wà á. Mo ní láísẹ́ǹsì ẹ ńkọ́? Ló bá gbé fóònù sókè, ó ní "ó wà nínú ibí, bọ̀ọ̀dá mi." Káàdì gan-an ńkọ́? Ó wà nílé ẹ̀ ní Baltimore, nínú dúrọ́ọ̀. Mo gba kọ́kọ́rọ́ mi. Èmi ni mo wa mọ́tò láti Ìkòròdú gba Itoikin dé Ẹ̀pẹ́, èmi náà ni mo wà á padà lálẹ́ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro mí, òun wá jókòó jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń ṣàlàyé bí fóònù yẹn ṣe gbé òun kọjá ní ẹ́ápọ́ọ̀tù BWI nígbà tó ń wọ bàálù lọ sí Houston, láìyọ káàdì kankan.

Kò parọ́, èmi náà ò sì ṣẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí mo gbà. Fóònù kan náà tó ṣílẹ̀kùn fún un níbẹ̀ yẹn ni kò lè ṣe nǹkan kan fún un ní Itoikin. Látìgbà yẹn mo ti bá ẹbí mẹ́ta tó wà lọ́hùn-ún ṣe tiwọn lórí fídíò WhatsApp, mo sì ti mọ ibi tó ti máa ń há, ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí fún ẹni tó ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun, àti fún àwa tá a wà nílé tá a rò pé fọ́tò tó wà nínú gálárì ti tó.

Fọ́tò kọ́ ni láísẹ́ǹsì

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Tẹ́ ẹ bá ya káàdì yín ní fọ́tò, iwájú àti ẹ̀yìn, tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp, fọ́tò ni. Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ bá oníkọ̀ǹpútà ní Sábó tó bá yín síkáànù ẹ̀ tó sọ ọ́ di PDF tó ń dán gbinrin, PDF ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní áàpù ọ̀fẹ́ lórí fóònù lè yí orúkọ àti déètì inú ẹ̀ padà kí omi ìndómì tó hó, ẹni tó dá yín dúró sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti fi fọ́tò hàn rí, lójú ọ̀nà Ṣàgámù lápá Odogunyan, lọ́jọ́ tí mo gbàgbé pọ́ọ̀sì sílé. Ọ̀gá tó dá mi dúró wo fóònù, ó wò mí, ó ní "Alàgbà, tí mo bá ya fọ́tò owó rán sí yín, ṣé ẹ máa rí i ná?" Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Láísẹ́ǹsì inú fóònù gidi yàtọ̀. Ìjọba tó fún yín ní káàdì ló máa fúnra ẹ̀ kó orúkọ yín, fọ́tò, ọjọ́ ìbí àti irú ọkọ̀ tẹ́ ẹ lè wà sínú fóònù yẹn, á wá lu òǹtẹ̀ kan mọ́ ọn. Kì í ṣe òǹtẹ̀ tá a lè fojú rí o, ìṣirò ni, nọ́ńbà gbọọrọ kan tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ìjọba yẹn nìkan ló lè pèsè ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò á ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tó mọ òǹtẹ̀ ìjọba náà, tí lẹ́tà kan ṣoṣo bá ti yí padà nínú orúkọ yín, òǹtẹ̀ ò ní bára mu mọ́, ẹ̀rọ á sì sọ pé ayédèrú ni. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ̀lé, ISO 18013-5 lorúkọ ẹ̀, 2021 ló jáde.

Ẹ wá rí i pé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Fóònù yín ni ọwọ́ kan, ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ ẹni tó dá yín dúró ni ọwọ́ kejì. Ní BWI, ẹ̀rọ wà. Ní Itoikin, ojú ni ọ̀gá yẹn máa fi wò ó, ojú ò sì lè ka ìṣirò.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Maryland ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ torí ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Àwọn ni ìpínlẹ̀ kejì tó wọ Apple Wallet, áàpù tó dà bíi pọ́ọ̀sì inú iPhone, ní oṣù Karùn-ún 2022, lẹ́yìn Arizona tó ṣe é ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, àwọn náà ló sì kọ́kọ́ wọ Google Wallet, irú ẹ̀ ti Android, ní 2023. Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kí ẹni yín lọ́hùn-ún kọ́kọ́ wò ó lórí sáìtì ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ tiẹ̀, kó má lọ máa wá a lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta nǹkan lórí Facebook.

Káàdì gidi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má tíì expire, kó má sì ti họ débi tí àwọn ìlà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ò ní ṣeé kà. Fún iPhone, ó fẹ́ iPhone 8 sókè, kí Face ID tàbí Touch ID wà ní títàn, kí àkáǹtì Apple ẹ̀ ní ààbò onígbésẹ̀ méjì, èyí tó máa ń fi kóòdù ránṣẹ́ kó tó jẹ́ kéèyàn wọlé, kí orílẹ̀-èdè tó wà nínú sẹ́tíìnsì fóònù náà sì jẹ́ United States. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló fi wákàtí kan gbáko ṣòfò fún ìbátan wa kan, Nàìjíríà ló fi síbẹ̀ látìgbà tó ti ra fóònù yẹn ní Ìkẹjà, ó ń wá ibi tí wọ́n kọ láísẹ́ǹsì sí kò rí i, ó ti fẹ́ lọ ra fóònù tuntun. Fún Android, kí fóònù ní pásíwọ́ọ̀dù tàbí ìka ọwọ́ tó ń tì í, kí Bluetooth sì ṣeé tàn.

Ẹni tí kì í wa mọ́tò náà lè ṣe é o, tó bá ní káàdì ìdánimọ̀ ìpínlẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni.

Bó ṣe máa wọ inú fóònù

Lórí iPhone, ṣí Wallet, tẹ àmì àròpọ̀ tó wà lókè, mú láísẹ́ǹsì tàbí káàdì ìdánimọ̀, kó o mú ìpínlẹ̀ ẹ. Á ní kó o ya iwájú káàdì, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn ẹ̀. Fi káàdì sórí nǹkan dúdú tí kò dán, má fi lé ara dígí tábìlì, iná á ta sí i lójú, á sì máa sọ fún ẹ pé tún un yà, tún un yà. Lórí Google Wallet, ṣe bí ẹni pé o fẹ́ fi káàdì tuntun kún un, wá ibi káàdì ìdánimọ̀, mú ìpínlẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn bákan náà.

Ojú ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. iPhone á ní kó o ya sẹ́lífì, á wá máa ní kó o yí orí síbí, yí i sọ́hùn-ún, kó lè dá a lójú pé èèyàn alààyè ló wà níwájú òun, kì í ṣe fọ́tò tí ẹnìkan gbé sókè. Google á ní kó o ṣe fídíò kékeré fún ojú ẹ. Ẹ gbọ́, àwa tá a dúdú dáadáa, iná gbọ́dọ̀ wà níwájú wa, kì í ṣe lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin dúró síwájú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà, ó ní àwọn òyìnbó yìí ò fẹ́ràn òun, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ yíjú sí fèrèsé yẹn, ẹ yọ gíláàsì, ó sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Tí fọ́tò orí káàdì bá ti pẹ́, tó o ti sanra sí i tàbí o ti fá irùngbọ̀n, kò fi bẹ́ẹ̀ burú.

Lẹ́yìn tó o bá fi ránṣẹ́, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ ló máa wò ó, kì í ṣe Apple tàbí Google. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má tún un fi ránṣẹ́ nígbà mẹ́rin torí pé ara ẹ ò gbà á, fi fóònù sílẹ̀ lọ jẹun. Tó bá ti wọlé, wọ́n á fi iṣẹ́ jẹ́ ẹ lórí fóònù.

Fóònù kan ṣoṣo ló máa wà lórí ẹ̀. Tó o bá pààrọ̀ fóònù, kò ní bá ẹ lọ bíi fọ́tò àti orin, wàá tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdí mìíràn nìyẹn tí káàdì gidi ò fi gbọ́dọ̀ sọnù.

Bí wọ́n ṣe ń fi hàn, láìfi fóònù sílẹ̀

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni pé kò fún ẹnikẹ́ni ní fóònù rí. Àwa níbí, tá a bá ti ní "mú láísẹ́ǹsì wá," káàdì ti kúrò lọ́wọ́ ẹ nìyẹn. Lọ́hùn-ún, wàá gbé fóònù sún mọ́ ẹ̀rọ wọn, tàbí kí ẹ̀rọ wọn ka kóòdù QR kan lójú fóònù ẹ. Ojú fóònù ẹ á wá kọ ohun tí wọ́n ń béèrè jáde: orúkọ, fọ́tò, ọjọ́ ìbí. Kà á o. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wàá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wàá fi ojú tàbí ìka ọwọ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn nǹkan yẹn nìkan ló máa gba Bluetooth lọ sọ́dọ̀ wọn. Lórí Android náà, wàá rí ohun tí wọ́n bèèrè kó o tó gbà. Fóònù àti ẹ̀rọ ló ń bára wọn sọ̀rọ̀ ní tààrà, kò sídìí fún dátà lákòókò yẹn, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí kò ní dí i lọ́wọ́.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí káàdì ò lè ṣe láé. Ẹni tó ń ta ọtí, gbogbo ohun tó nílò ni pé o ti pé ọmọ ọdún 21. Tó o bá fi káàdì hàn án, ó ti rí àdírẹ́sì ẹ, ó ti rí ọjọ́ ìbí ẹ, ó ti mọ ibi tó ti máa wá bá ẹ láàárọ̀. Fóònù lè sọ fún ẹ̀rọ tiẹ̀ pé "bẹ́ẹ̀ ni, ó ti pé," kó parí síbẹ̀. Lójú tèmi, èyí ló jẹ́ kí nǹkan yìí wúlò. Ká sọ pé láti dín ìwúwo pọ́ọ̀sì kù nìkan ni, mi ò bá má yọ ara mi lẹ́nu.

Tí ẹni tó dá ẹ dúró bá wá ní "gbé fóònù wá," tó sì nawọ́, rọra sọ fún un pé o máa fi hàn án lọ́wọ́ ẹ. Fóònù tí kò tì, báńkì ẹ ló wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ ló wà nínú ẹ̀. Tó o bá sì wà lẹ́yìn sítíárìn, má fọwọ́ kan fóònù kí ọlọ́pàá tó ní kó o mú un, ní New South Wales l'Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ti ń lo láísẹ́ǹsì inú fóònù káàkiri ìpínlẹ̀ láti oṣù Kẹwàá 2019, o lè torí ẹ̀ jẹ gbèsè fáìnì pé o fọwọ́ kan fóònù nídìí sítíárìn.

Ibi tí wọ́n ti ń gbà á, ibi tí wọn ò ti gbà á

Kò dọ́gba rárá, kódà láàárín Amẹ́ríkà. Louisiana gbé LA Wallet tiwọn jáde ní 2018, ọlọ́pàá ojú títì wọn ń gbà á. Maryland tó ti wà nínú Apple látọjọ́ yìí, wọ́n ṣì ní kéèyàn mú káàdì gidi dání tó bá ń wa mọ́tò, ti ẹ́ápọ́ọ̀tù àti ti ilé ìtajà díẹ̀ ni tinú fóònù. Níbi ẹ́ápọ́ọ̀tù náà, láti ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 2025 tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ líle mú òfin REAL ID, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí irú káàdì tí wọ́n lè gbà kéèyàn tó wọ bàálù, tí káàdì tó wà nílé kì í bá ṣe REAL ID, tinú fóònù ò lè sọ ọ́ di REAL ID. Àwọn TSA, ìyẹn àwọn tó ń yẹ èèyàn wò ní ẹ́ápọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, fúnra wọn ṣì ń sọ pé kéèyàn mú káàdì lọ́wọ́.

Íńdíà gba ọ̀nà tiwọn, 2018 ni ìjọba wọn ti ní kí ọlọ́pàá gba láísẹ́ǹsì tó bá wà nínú DigiLocker, áàpù ìjọba tí wọ́n ń kó ìwé pamọ́ sí, bí ẹni pé bébà gan-an ni. Denmark ní áàpù tiwọn láti 2020. Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé tó bá ti kọjá ààlà orílẹ̀-èdè tiwọn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń gbà á. Àbúrò mi ò rò ó débẹ̀.

Ìkòròdú ńkọ́?

Níbí, káàdì ni. Ẹ wọ mọ́tò ní Agric tàbí ní Ìjẹ̀dẹ̀, ẹ̀ ń lọ Ṣàgámù tàbí Ẹ̀pẹ́, káàdì gidi tó ń lò lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ mú dání, pẹ̀lú páátíkúlà mọ́tò. Fáìnì ẹni tó bá kùnà lórí láísẹ́ǹsì lọ́dọ̀ àwọn Road Safety, ₦10,000 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Tí káàdì yín ò bá tíì jáde, tí wọ́n sì fún yín ní bébà onígbà díẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ ya ojú àti ìka ọwọ́, òun ni ẹ máa mú rìn, ẹ fi ọ̀rá bò ó kí òjò má baà jẹ ẹ́.

Ẹni tó fẹ́ gbà á tuntun tàbí tó fẹ́ tún un ṣe, nigeriadriverslicence.org ni ẹ ti máa kọ fọ́ọ̀mù, ẹ máa nílò NIN, ẹni tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀ á lọ sílé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, á ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ àwọn VIO, á san owó, kó tó lọ síbi tí wọ́n á ti ya ojú àti ìka ọwọ́ ẹ̀. Látàárín 2024, ₦15,000 ni ti mọ́tò ọlọ́dún mẹ́ta, ₦21,000 ni ọlọ́dún márùn-ún. Ibi tẹ́ ẹ ti máa ya ojú yẹn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ẹni tó bá wá ní òun lè ṣe "láísẹ́ǹsì dígítà" fún yín lórí WhatsApp láìjẹ́ pé ẹ dìde nílé, owó yín ló fẹ́ gbà.

Kẹ́ ẹ fi fóònù ṣe kí ni wá? Ẹ ya fọ́tò káàdì yẹn o, mi ò ní kẹ́ ẹ má yà á, torí tí káàdì bá sọnù nínú BRT, nọ́ńbà ẹ̀ lẹ máa nílò láti fi tún un ṣe. Ẹ kàn fi síbi tó ní pásíwọ́ọ̀dù, kì í ṣe gálárì tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré.

Ohun tó sún mọ́ ti òyìnbó jù lọ́wọ́ wa ni NIN. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé nọ́ńbà 11 yẹn, ẹ tẹ *346# lórí laìnì tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀. Tí ilé iṣẹ́ kan bá wá béèrè ẹ̀, kò pọn dandan kẹ́ ẹ kọ gbogbo ẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, NIMC ti ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní vNIN, lẹ́tà àti nọ́ńbà 16 tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ yẹn nìkan ló lè lò ó, lẹ́yìn wákàtí 72 ó ti kú. Ẹni tó bá ti lóye vNIN ti lóye ìdajì láísẹ́ǹsì inú fóònù: fún wọn ní ohun tí wọ́n nílò, má fún wọn ní gbogbo ilé.

Fún ẹni tó ń tòkè òkun bọ̀ tó fẹ́ wa mọ́tò nílé, kó mú káàdì gidi, kó sì mú IDP, ìwé pẹlẹbẹ kan tó túmọ̀ láísẹ́ǹsì ẹ̀ sí èdè oríṣiríṣi. L'Amẹ́ríkà, AAA ń ṣe é ní dọ́là 20, ọdún kan ló ń lò, kó ṣe é kó tó kúrò lọ́hùn-ún. IDP láìsí káàdì, bébà lásán ni.

Bátìrì, olè, àti fóònù tẹ́ ẹ fẹ́ tà

Bátìrì tó kú, láísẹ́ǹsì kú. Lọ́hùn-ún tí iná kì í lọ wọ́n máa ń gbàgbé èyí, àwa tí NEPA ti kọ́ lọ́gbọ́n ò ní gbàgbé.

Tí wọ́n bá jí fóònù, kí ẹni tó ní i wọ Find My ti Apple tàbí ti Google láti orí fóònù ẹlòmíì, kó tì í pa, kó sì yọ láísẹ́ǹsì kúrò lórí ẹ̀. Olè ò kúkú lè lò ó láìsí ojú, ìka ọwọ́ tàbí pásíwọ́ọ̀dù olówó ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọkàn balẹ̀. Tó bá fẹ́ tà á tàbí kó fi í ránṣẹ́ sílé fún àbúrò, kó kọ́kọ́ yọ láísẹ́ǹsì nínú Wallet, kó tó nù ún mọ́ pátápátá. Fóònù tókúnbọ̀ tó ń dé Sábó lójoojúmọ́, ẹ ò ní gbà gbọ́ ohun tá à ń bá nínú wọn.

Àbúrò mi ti ní òun ń bọ̀ ní Kejìlá tó ń bọ̀ yìí. Mo ní kó ya fọ́tò káàdì àti IDP lórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì tó máa gbé, kó fi ránṣẹ́ sí mi kó tó jáde nílé.